Bí Ẹ Ṣe Lè Dárà sí Ọjọ́ Lásán

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àbígbẹ̀yìn mi bi mí pé, "Màámi, kí lẹ ṣe lónìí?" Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo ti jí láago márùn-ún, mo ti dúró de Micra, ọkọ̀ èrò kékeré, létí títì, mo ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí mò ń yẹ ìwé owó wò, mo sì ti padà wálé. Odindi ọjọ́ kan, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí mo lè fi dá ọmọdé lóhùn. Mo ní, "Mo ṣiṣẹ́." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ wí lánàá náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: mo ra ọ̀dà, mo ra búrọ́ọ̀ṣì, mo ní n ó máa ya àwòrán lálaalẹ́. Ọjọ́ méjì péré ló mọ. Ẹni tí iṣẹ́ ti lù bolẹ̀ kì í tún lágbára láti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé àrà kì í dá dúró. Orí ohun tí èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa ń jókòó lé. Onílù ti ń lu ìlù kó tó dárà sí i. Onídìrí ti ń di ṣùkú kó tó rí ibi tí yóò fi àrà sí. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, ẹ ti ń ṣe ìdajì rẹ̀: ẹ ń kí èèyàn, ẹ ń jáde jẹun ọ̀sán, ẹ ń bó àlùbọ́sà, iná sì ń lọ nílé yín.

Ẹ wá ibi tí ọjọ́ yín ti ṣófo

Ẹ mú bébà pélébé kan dání fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbàkígbà tí ẹ bá ń dúró de nǹkan, ẹ kọ aago tó lù sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń dúró dè. Tèmi nìyí: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Micra tó kún, wákàtí kan oúnjẹ ọ̀sán, ìgbà tí omi ẹ̀bà ń hó, ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́. Ẹ má wá wákàtí méjì méjì, ẹ ò ní rí i.

Fóònù ló ń jẹ àwọn àlàfo yìí. N ò ní kí ẹ jù ú nù. Ẹ mú ẹyọ kan nínú àwọn ìgbà tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ fi fóònù sínú báàgì nígbà náà. Ẹyọ kan ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu

Ẹnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kò ní owó nínú, kò sì sí irinṣẹ́ tí ẹ máa gbàgbé sílé. Àwọn baba wa ti ṣe èyí tó le jù sílẹ̀. Èdè tó ní "ẹ kú" fún ìjókòó, fún ìdúró, fún òtútù, fún ọ̀gbẹlẹ̀, fún ìnáwó àti fún ìrìn àjò ti fún wa ní ohun ìṣeré tí kò lè tán láéláé. Àwa la sọ gbogbo rẹ̀ di "ẹ kú iṣẹ́" lásán.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Lójúmọ́ kan, ẹ ṣẹ̀dá "ẹ kú" kan ṣoṣo tó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà níwájú yín mu gẹ́lẹ́. Mẹ́gàádì tí òjò bá lẹ́nu géètì, ẹ kí i pé, "Ẹ kú àdúró-sójò o." Awakọ̀ tí ẹ jọ há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ kí i pé, "Ẹ kú ìjà títì." Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yí lójú kan náà láti àárọ̀, "Ẹ kú sùúrù ẹ̀rọ." Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ẹ ò lè kí èèyàn báyìí láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́gàádì wa kọjá kí n tó mọ̀ pé àga rẹ̀ ò ní ẹ̀yìn.

Tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ bọ́ sórí kíkí oníṣẹ́ ọwọ́. Àgbẹ̀ ní tiẹ̀, "Àrokò bọ́dún dé o!" Aláró ń gba "Àrẹ̀dú o!" Tí wọ́n bá kí onídìrí pé "Ojú gbooro o!", á dáhùn pé "Òóyà á yà á." Ọlọ́jà ń fẹ́ gbọ́ "Ajé á wọgbá o!" Ó wá kù sọ́wọ́ wa: ta ló ti ṣẹ̀dá ti ẹni tó ń ṣe POS? Ta ló ti ṣẹ̀dá ti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá? Iṣẹ́ ti dé, kíkí ò tíì dé.

Èmi kí ọmọbìnrin tó ń ṣe POS ní oríta wa pé, "Nẹ́tíwọ̀kì á dúró o!" Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé orí mi dàrú. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó sún mọ́ ọn ló ti ń pariwo, "Owó ò ní há o!" Báyìí, àwọn tó ń tò lẹ́yìn mi ti ń kí i bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tèmi, "Nọ́ọ̀tì á tú o!" ni, ìdáhùn rẹ̀ ni "Ẹ́ńjìnnì á jí!"

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ ronú kan ohun tó máa ń da oníṣẹ́ náà láàmú jù, kí ẹ sì gbàdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Bó bá ti ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, ìwàásù ni. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti dáhùn, nítorí kíkí tí kò ní ìdáhùn kì í tàn kálẹ̀. Bí ẹni náà bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ ná, kí ẹ kí i ní kíkí àgbà, kí ẹ tó mú tuntun wá. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fò ìyẹn dá. Ojú tí bàbá oníṣẹ́ irin náà fi wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ irin.

Oríkì náà wà níbẹ̀ fún ìdájí. Dípò kí ẹ máa pariwo "ilé ìwé! ilé ìwé!" lé ọmọ lórí, ẹ fi Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́ jí i, kí ẹ sì fi ìlà kan kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ látinú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tó fi ìgò kan ṣoṣo bomi rin gbogbo ẹ̀fọ́." Ó ń jí ní kíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó fẹ́ mọ ohun tí a ó fi kún un.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò lọ síbi iṣẹ́

Ní wákàtí oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wa ní ọ́fíìsì máa ń jẹun tán ní ogún ìṣẹ́jú, a ó wá tẹrí ba sínú fóònù. Ayò ló yí ìyẹn padà. Ẹ lè ra ọpọ́n gidi lọ́wọ́ agbẹ́gilére, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kiréètì ẹyin ọgbọ̀n ní ìlà márùn-ún, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́fà. Ẹ gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ihò 12 pé. Ẹ gé ìlà méjì mìíràn, kí ẹ tì í bọ abẹ́ ti àkọ́kọ́ kó lè le.

Ọmọ ayò 48 lẹ nílò. Bí ẹ ò bá rí ọmọ ayò, òkúta wẹ́wẹ́ á ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àsìkò àgbálùmọ̀, ẹ má wá nǹkan mìíràn. Hóró rẹ̀ dán, ó sì rọrùn láti kó dání, kò sì sí ẹni tó máa kọ̀ láti bá yín jẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbálùmọ̀ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọmọ ayò ti pé. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọ́n sóòrùn ọjọ́ méjì kí wọ́n má baà máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Fún ẹni tí kò ta á rí, tàbí tó ti gbàgbé: ẹ jókòó dojú kọ ara yín, ihò mẹ́fà tó wà lọ́dọ̀ yín ni tiyín. Ẹ fi ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan lọ́dọ̀ tirẹ̀, yóò máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, yóò gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì yí ká. Bí ọmọ tó kó bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì yí ká dé ihò tó ti kó wọn, yóò fo ihò náà.

Jíjẹ, ìyẹn kíkó ọmọ kúrò lórí ọpọ́n, ló ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi ara balẹ̀ níbí. Bí ọmọ tó kẹ́yìn lọ́wọ́ yín bá bọ́ sínú ihò kan lọ́dọ̀ ẹnìkejì, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ wá wo ihò tó ṣáájú rẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ sí: bí òun náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó sì wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ẹ jẹ òun náà, títí ẹ ó fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkejì kò bá ní ọmọ kankan mọ́, dandan ni kí ẹ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló borí. Bó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò mọ ayò ta, máa ń sáré jẹ. Ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, a máa kó odù jọ, ìyẹn ni pé á jẹ́ kí ọmọ pọ̀ nínú ihò kan títí tó fi lè yí gbogbo ọpọ́n ká, á wá fi jẹ ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọ́fíìsì wa kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tí kì í sọ̀rọ̀, ni ó wá di ọ̀ta wa. A ò mọ̀ pé ó lẹ́nu báyẹn. Nígbà tó bá ti kó odù rẹ̀ jọ tán, á wolẹ̀, á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Gbogbo wa á dá a lóhùn: "Ọ̀ta ló ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ yìí gan-an ni ayò, ọpọ́n kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé e kà.

Ohun tó lè dí yín lọ́wọ́ ní ibi iṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀gá kan fi ẹjọ́ ariwo sùn níbi tèmi. A tẹ́ aṣọ inura sábẹ́ kiréètì, a sì kó lọ sábẹ́ igi màńgòrò lẹ́yìn ilé. Bí aago méjì bá lù tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí, ẹ ya fọ́tò ọpọ́n náà, kí ẹ tún tò ó bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ẹ má fi owó ta á. Ẹni tó bá pàdánù, kó ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní eré ọmọdé ni, ẹ sọ fún un pé wọ́n ń fi ayò díje níbi eré ìdárayá gbogbogbòò orílẹ̀-èdè yìí.

Sátidé: ẹ fi èèpo àlùbọ́sà rẹ aṣọ

Àdìrẹ gidi, aró elú ni. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló ni ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kó lọ jókòó tì wọ́n. Aró òde òní tó ń fi sódà kọ́síìkì ṣiṣẹ́, ẹ má dán an wò nínú kíṣíìnì yín. Ó ń jó ara. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kéré sí i, ó sì yẹ ilé tí ọmọdé wà: ẹ ó di aṣọ bí wọ́n ṣe ń di àdìrẹ, ẹ ó sì fi omi èèpo àlùbọ́sà rẹ ẹ́. Àwọ̀ tó máa ń mú jáde wà láàárín oyin àti obì gbígbẹ.

*Aṣọ.* Aṣọ òwú funfun nìkan ni: hánkáṣíìfù, ìrọ̀rí, ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Tèmi àkọ́kọ́ bàjẹ́ torí mo rò pé aṣọ òwú ni mo mú. Ó jáde bí ìgbà tí wọ́n da tíì sí i lára. Ẹ yọ fọ́nrán òwú kan lára rẹ̀ kí ẹ sì fi iná sí i: òwú gidi á jó bíi bébà, á di eérú, fọ́nrán àgbélẹ̀rọ bíi pọliẹ́sítà á yọ́, á wá le gan-an bíi hóró. Ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà kí sítáàṣì inú rẹ̀ kúrò.

*Èèpo.* Ẹ máa tọ́jú èèpo gbígbẹ tó wà lóde àlùbọ́sà sínú ọ̀rá. Kó wúwo tó aṣọ náà. Èèpo fúyẹ́, nítorí náà ó máa pẹ́ kó tó pé tó bá jẹ́ ti ilé nìkan. Ẹ lọ bá àwọn alálùbọ́sà. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá a dà sí, ẹ̀rín ni wọ́n á sì kọ́kọ́ fi yín rín.

*Álọ́ọ̀mù.* Èyí tí wọ́n fi ń mú omi tòrò náà ni. Ẹ po ṣíbí ìjẹun kan mọ́ omi gbígbóná fún aṣọ tó tó ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé, kí ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òun ló ń mú kí àwọ̀ di aṣọ mú.

*Dídì.* Ibi tí adùn wà nìyí, ẹ má kánjú. Ibi tí okùn bá ti fún, àwọ̀ ò ní wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ eléso, ẹ fi hóró àgbálùmọ̀ tí ẹ fi ta ayò sábẹ́ aṣọ, kí ẹ fi òwú so ó lọ́rùn yí ká lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí lẹ́ẹ̀mẹjọ. Tí ẹ bá fẹ́ oṣù bàm̀bà, ẹ fa àárín aṣọ sókè bí ẹni fẹ́ mú agbòòrùn, kí ẹ so ó níbi mélòó kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ mi so tirẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ, kò tẹ̀lé ohun tí mo wí, tirẹ̀ ló sì dára jù.

*Rírẹ.* Ẹ se èèpo náà nínú ìkòkò tí ẹ ò fi dáná mọ́, fún wákàtí kan, lórí iná tí kò le. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi lásán rẹ aṣọ dídì náà kó tutù, kí ẹ tó tì í sínú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ á mu àwọ̀ ní àbùlàbùlà. Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan sí i, kí ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ nínú omi náà di àárọ̀. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ tú okùn, kí ẹ sá a síbòòji. Títú okùn yẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé wà níbẹ̀. Àwọ̀ yìí á máa ṣá díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ ó fi ṣe ọnà, ẹ rántí Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ kan tó gbé ìlú Ìbàdàn yọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ yẹn, òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú ohun tí wọ́n yà sára aṣọ. Ilé tí wọ́n ń rí lórí òkè lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún gbé sórí aṣọ. Kí ló wà lójú ọ̀nà tiyín? Ní ti èmi, òpó iná tó tẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa ni. Mo ti ń gbìyànjú láti di í fún oṣù méjì, kò tíì jọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Kí ẹ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ fún òkùnkùn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ní, "Àlọ́ o!" Kódà ọmọ tí a bí sílùú ńlá mọ̀ pé "Àlọ̀!" ló kàn. Ẹ fi àwọn ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun" àti "Awẹ́ obì kan, a jẹ ẹ́ dọ́yọ̀ọ́." Wọn ò ní mọ̀ pé òjò ni àkọ́kọ́ àti pé ahọ́n ni èkejì, ẹ sì lè fi èyí jẹgàba fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ní kí olúkúlùkù pa tirẹ̀, kó sì jẹ́ ohun tó wà nínú ilé. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má sọ bí nǹkan náà ṣe rí. Ohun tó ń ṣe ni kí wọ́n sọ, bíi pé èèyàn ni. "Ó ń mu epo, ó ń kígbe, bí iná bá dé, ó dákẹ́": jẹnẹrétọ̀. "Gbogbo ilé ló ń bọ́ ọ, kì í yó, bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ ní alẹ́ kan, ó kú láàárọ̀": fóònù. Èyí tí kò bá lójútùú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó pa á jà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kan àbígbẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ó jáde láàárọ̀, ó wọlé lálẹ́, bí a bá bi í pé kí ló ṣe, á ní òun ṣiṣẹ́." Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yí lulẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nílé wa, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló ń fọ abọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn.